Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń rí Odi Ńlá Ṣáínà láti orí òṣùpá?

Láràárọ̀, kí n tó ka ìròyìn, mo máa ń kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè márùn-ún kan lórí fóònù mi. Kúìsì lásán ni, kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀, àmọ́ ó máa ń dùn mí tí mo bá kùnà. Lọ́jọ́ kan, ìbéèrè kẹta lọ báyìí: kí ni ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ ènìyàn kọ́ tí a lè fi ojú lásán rí láti orí òṣùpá? Mo wá "kò sí" nínú ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n tò síbẹ̀, n kò rí i. Mo fò ó. Wọ́n fi pupa sí i, wọ́n wá kọ ìdáhùn síwájú mi gàdàgbà: Odi Ńlá Ṣáínà.

Kúìsì yẹn nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́. Àtikékeré ni púpọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ àti lẹ́nu àwọn tó jù wá lọ, gbogbo wọn a sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n lọ wò ó bọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kúrò ní ayé yìí rárá. Lọ́dún 1754, William Stukeley, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó fẹ́ràn àwókù ayé àtijọ́, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ó ṣeé ṣe kí odi náà hàn dé orí òṣùpá. Kì í tilẹ̀ ṣe odi Ṣáínà ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Odi Hadrian ti ìlú wọn ló ń yìn, ó kàn fi ti Ṣáínà ṣe àfiwé ni. Nígbà tó di 1932, ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, ní abala aláwòrán kan tó máa ń kó ìyanu ayé jọ, ó sì tàn kálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọdún 1961 ni ènìyàn àkọ́kọ́, Yuri Gagarin, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbalasa òfuurufú, ọdún 1969 ni ènìyàn sì kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Wọ́n ti dá ẹjọ́ tán kí ẹlẹ́rìí tó dé.

Gígùn odi náà ló ń tan ènìyàn jẹ. Ìwọ̀n tí ìjọba Ṣáínà gbé jáde ní 2012 jẹ́ 21,196 kìlómítà, téèyàn bá ka gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, títí kan àwókù àti yàrà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, gígùn rẹ̀ kò ní kó hàn lókèèrè. Okùn aláǹtakùn lè gùn láti igi kan dé èkejì, ẹni tó jìnnà sí i díẹ̀ kò ní í rí i. Ní ti odi yìí, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà mélòó kan lọ. Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ká ní mítà 10 ni jákèjádò. Òṣùpá jìnnà sí wa tó 384,400 kìlómítà. Ká ní a lè fún odi náà àti ọ̀nà tó wà láàárín rẹ̀ àti òṣùpá pọ̀ bákan náà, títí odi náà yóò fi tín-ín-rín bí irun orí kan, òṣùpá yóò ṣì jìnnà sí irun yẹn ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Ojú ta ló ń rí ẹyọ irun kan ní kìlómítà mẹ́rin?

Alan Bean, tó rìn lórí òṣùpá ní 1969 kan náà, sọ ohun tí òun rí: ayé rí roboto, ìkùukùu funfun ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ó ní àwọ̀ búlúù, aṣálẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn? Kò rí ìkankan.

Àwọn kan á ní, "Ó dáa, ká fi òṣùpá sílẹ̀, òfuurufú ńkọ́?" Èyí gba ìfarabalẹ̀. ISS, ibùdó tó ń yí ayé po, kò ga ju nǹkan bí 400 kìlómítà lọ. Láti ibẹ̀, irun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kò ju mítà mẹ́rin sí ojú lọ. Ìgbà yìí ni àwọ̀ wá di ọ̀rọ̀. Irun dúdú tó bọ́ sórí aṣọ funfun, èèyàn lè ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Kó bọ́ sórí aṣọ dúdú, ó parí. Erùpẹ̀ àti òkúta àyíká ni wọ́n fi mọ púpọ̀ nínú odi náà, nítorí náà àwọ̀ ilẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń hàn kedere lókè yẹn ni iná ìlú ńláńlá lóru, tàbí àwọn ilé oníke funfun tí wọ́n fi ń gbin ewébẹ̀ ní Almería, ní Sípéènì, tó tẹ́ lọ bí aṣọ tí wọ́n sá.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní oṣù kẹwàá 2003, Yang Liwei di ọmọ Ṣáínà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ rán lọ sí òfuurufú. Nígbà tó dé, wọ́n bi í nípa odi náà, ó ní òun kò rí i. Ẹ wo ìgboyà! Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé nílùú rẹ̀ ti kọ ọ́ pé ó ń hàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì mú kí wọ́n máa sọ pé ó yẹ kí wọ́n tún ìwé náà ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Leroy Chiao ya fọ́tò kan láti inú ISS pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń fa nǹkan mọ́ra, àwọn kan sì rí ẹ̀ka odi náà nínú rẹ̀. Chiao fúnra rẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun fi ojú lásán rí i.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe kúìsì mi. Wọn kò fèsì. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìbéèrè náà tún jáde: wọ́n ti yọ "orí òṣùpá" kúrò, wọ́n fi "òfuurufú" rọ́pò rẹ̀. "Ohun kan ṣoṣo" ṣì wà níbẹ̀ digbí, ìdáhùn mẹ́rin àná náà sì ni. Mo mú Odi Ńlá Ṣáínà, mo gba máàkì mi.