Ìpegedé Ìjọba Ìbílẹ̀: Ohun Tí Ó Ń Mú Iṣẹ́ Ìlú Kan Yàtọ̀ sí ti Èkejì

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọ̀pá omi kan tí ó bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ní ìlú kan, obìnrin kan tí ó ń gbé ládùúgbò náà pe ilé iṣẹ́ omi láàárọ̀. Akọ̀wé kọ orúkọ òpópónà náà sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tún ọ̀pá ṣe. Wọ́n ṣí àwòrán tí ó fi ibi tí ọ̀pá gbà hàn, wọ́n rí irú ọ̀pá tí wọ́n nílò nínú ilé ìkẹ́rùsí wọn, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kejì, iṣẹ́ ti parí, wọ́n ti bo ilẹ̀ padà. Ní ìlú kejì, tí òfin kan náà ń darí, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì pọ̀ ju ti èkíní lọ, ẹni tí ó gbé ìpè náà kò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwòrán ọ̀pá ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn kò lè ra ọ̀pá tuntun àfi bí ọ̀gá kan ní olú-ìlú bá buwọ́ lu ìwé. Oṣù mẹ́ta kọjá, omi ń ya lójú títì, ilẹ̀ sì ń rì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì yìí ni mo ń pè ní ìpegedé ìjọba ìbílẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni ìjọba tí ó súnmọ́ ará ìlú jù lọ. Òun ni ó ń kó pàǹtírí, tí ó ń la gọ́tà, tí ó ń tan iná òpópónà, tí ó sì ń bójú tó ọjà, ibi ìsìnkú àti, ní ibòmíràn, ilé ìwé àti omi ẹ̀rọ. Ìbáà jẹ́ alága ni ó ń darí rẹ̀, ìbáà jẹ́ méyọ̀ tàbí ìgbìmọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀, iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ìpegedé rẹ̀ ni bí iṣẹ́ yìí ṣe ń tún ìgbé ayé àwọn ará ìlú ṣe tó, bí a bá fi wé agbára àti owó tí ó wà níkàáwọ́ ìjọba náà. Kí a má ṣe fojú fo apá ìparí gbólóhùn yẹn, nítorí pé ìlú tí owó rẹ̀ kéré, tí ó sì tan iná sí ìdajì àwọn òpópónà rẹ̀, lè pegedé ju ìlú olówó tí ó tan tirẹ̀ tán ṣùgbọ́n tí ó ná ìlọ́po mẹ́rin owó tí ó yẹ.

Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ní ọ́fíìsì, òǹtẹ̀, ìpàdé àti ìwé ìṣúná, nítorí náà a kò lè fi ìwọ̀nyí mọ èyí tí ó ń ṣiṣẹ́. Ohun mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: ohun tí a ná, ohun tí a ṣe, àti ohun tí ó yọrí sí. Bí ìjọba bá ra ọkọ̀ akólẹ̀ mẹ́wàá, ohun tí a ná nìyẹn. Bí àwọn ọkọ̀ náà bá ń dé àdúgbò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ohun tí a ṣe nìyẹn. Bí gọ́tà kò bá dí mọ́, tí ẹ̀fọn sì dínkù láyìíká ilé, ohun tí ó yọrí sí nìyẹn, òun nìkan sì ni ará ìlú fi ojú ara rẹ̀ rí. Èyí àkọ́kọ́ ni àwọn ìjọba fẹ́ràn láti máa kéde, nítorí pé ó rọrùn láti kà, ó sì rọrùn láti ya fọ́tò rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ìlú bá dára tàbí tí ó bá bàjẹ́, orí ẹnì kan ṣoṣo ni a sábà máa ń di gbogbo rẹ̀ lé, ìyẹn ẹni tí ó wà lórí àlééfà. Mi ò sọ pé ìwà olórí kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ohun tí ó yí i ká, èyí tí ó ti wà kí ó tó dé, tí yóò sì wà lẹ́yìn tí ó bá lọ, ni ó ń pinnu ibi tí agbára rẹ̀ lè dé.

Owó ni ó kọ́kọ́ yẹ kí a wò. Ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ní ènìyàn tí ó tó 1,850,000 ní ọdún 1950. Ní ọdún 2010, wọ́n ti dínkù sí nǹkan bí 714,000. Àwọn ilé iṣẹ́ lọ, àwọn tí ń san owó orí lọ, ṣùgbọ́n títì kò kúrú, ọ̀pá omi kò dínkù, owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ sì ṣì wà lọ́rùn ìlú. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ìlú náà lọ sí ilé ẹjọ́ láti kéde pé òun ti wọko gbèsè, gbèsè ọ̀hún sì tó nǹkan bí bílíọ̀nù 18 dọ́là. Nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn iná òpópónà rẹ̀ ni kò tàn mọ́. Àṣìṣe àwọn olórí wà níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí olórí tí ó lè fi owó orí 700,000 ènìyàn tọ́jú ìlú tí a kọ́ fún ìlọ́po méjì wọn àti ààbọ̀ láìjẹ́ pé nǹkan já níbì kan.

Ibi tí owó ti ń wá tún ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀ ti ṣe pàtàkì. Ọwọ́ tí ó ń fúnni ni ó ń lékè. Bí gbogbo owó ìjọba ìbílẹ̀ bá ń wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni ojú àwọn aláṣẹ rẹ̀ yóò máa wò. Wọn yóò mọ ọjọ́ tí owó ń dé ju ọjọ́ tí gọ́tà dí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó orí ilé máa ń béèrè ohun tí a fi owó náà ṣe. Ìdí nìyẹn tí owó orí ilé fi ju owó lásán lọ. Kò tún rọrùn láti sá fún un, nítorí pé ilé kò ṣeé gbé sá.

Freetown, olú-ìlú Sierra Leone, fi èyí hàn kedere. Lábẹ́ méyọ̀ Yvonne Aki-Sawyerr, tí ó gba ipò ní ọdún 2018, ìlú náà fi àwòrán tí a yà láti ojú ọ̀run ka àwọn ilé rẹ̀, iye ilé tí ó wà nínú ìwé owó orí sì di ìlọ́po méjì. Tẹ́lẹ̀, bí ilé ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ń wò, èyí tí ó mú kí owó tí a bù lé ilé páànù àti ilé olówó ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra bí ìwọ̀n ilẹ̀ wọn bá jọra. Nínú ètò tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ohun tí ojú lè rí láti ìta: irú ògiri, irú òrùlé, bí ọ̀nà tí ó dé ibẹ̀ ṣe rí. Owó àwọn olówó lọ sókè, ti ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù sì wálẹ̀. Ní ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba owó náà dúró fún ìgbà kan.

Ìdádúró yẹn fi ohun mìíràn hàn, ìyẹn agbára lábẹ́ òfin. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń gbé iṣẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ láìfún un ní àṣẹ tí ó bá iṣẹ́ náà mu: a ní kí ó tọ́jú títì, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń yan agbaṣẹ́ṣe, a ní kí ó bójú tó ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò lè gba olùkọ́ síṣẹ́, kò sì lè lé olùkọ́ tí kò wá sẹ́nu iṣẹ́. Níbi tí iṣẹ́ kan bá wà lọ́wọ́ ìjọba mẹ́ta, ará ìlú kò ní mọ ẹni tí yóò bá wí, ìjọba kọ̀ọ̀kan yóò sì máa nàka sí èkejì.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni ọ̀ràn tí ó dùn mí jù, nítorí pé a kì í sábà mẹ́nu kàn wọ́n. Ìlú tí ó mọ ibi tí ọ̀pá omi rẹ̀ gbà mọ̀ ọ́n nítorí pé ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó sì tún ìwé náà kọ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ̀pá. Bí a bá ń yọ ẹni yẹn kúrò lẹ́yìn ìdìbò kọ̀ọ̀kan láti fi ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú dípò rẹ̀, ìmọ̀ náà yóò bá a lọ. Lẹ́yìn omíyalé ńlá ọdún 1913, ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio yan ètò mìíràn: láti ọdún 1914, àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ń ṣe ìpinnu, ṣùgbọ́n ọ̀gá kan tí ó kọ́ṣẹ́ ìṣàkóso, tí wọ́n gbà síṣẹ́, ni ó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ti gba ètò yìí láti ìgbà náà.

Ìmọ̀ nìkan kò tó ṣá. Ní ìlú Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ọ̀gá tí ìjọba ìpínlẹ̀ yàn ni ó wà nídìí àkóso, àwọn tí ará ìlú dìbò yàn kò sì ní àṣẹ gidi mọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, wọ́n yí orísun omi ìlú sí odò Flint láti dín ìnáwó kù, wọn kò sì fi oògùn tí kì í jẹ́ kí omi jẹ ọ̀pá sí i. Òjé láti ara àwọn ọ̀pá àtijọ́ wọ inú omi mímu. Àwọn ará ìlú gbé omi aláwọ̀ ilẹ̀ sínú ìgò wá sí ìpàdé, wọ́n ní ó ń rùn, wọ́n ní ara ọmọ àwọn ń sú, a sì sọ fún wọn pé omi náà dára. Oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ni wọ́n tó dá ìlú náà padà sí orísun àtijọ́. Àwọn tí ó mu omi náà ni ó kọ́kọ́ mọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní agbára láti yọ ẹni tí kò gbọ́ wọn.

Nítorí náà ni ojú tí ń wo ìjọba fi ní ipa tí kò kéré. Ní Uganda, ìwádìí fi hàn pé láàárín ọdún 1991 sí 1995, nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìnáwó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ń dé ilé ìwé; àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ni ó ń dá èyí tí ó kù dúró. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí tẹ iye owó tí ó fi ránṣẹ́ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìwé, láàárín ọdún díẹ̀ sì ni apá tí ó pọ̀ jù nínú owó náà ń dé ibi tí ó yẹ. Àwọn kan jiyàn pé àtúnṣe mìíràn tí ó wáyé nígbà kan náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ìròyìn kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí ẹni tí ó kà á kò ti rí ẹni tí yóò fẹjọ́ sùn.

Brasil gba ọ̀nà tirẹ̀. Láti ọdún 2003, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ máa ń ṣẹ́ kèké ní gbangba nígbà náà láti mú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn ayẹ̀wéowówò yóò lọ bá, wọ́n sì máa ń gbé àbájáde jáde fún gbogbo ayé. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Claudio Ferraz àti Frederico Finan, fi hàn pé àwọn méyọ̀ tí a ká owó jíjẹ mọ́ lọ́wọ́ pàdánù ìbò, pàápàá níbi tí ilé iṣẹ́ rédíò ìbílẹ̀ wà tí ó ka àbájáde náà sétí àwọn ará ìlú. Wọ́n tún rí i pé méyọ̀ tí ó ṣì lè padà dupò kì í jẹ owó tó ẹni tí sáà rẹ̀ kejì ti ń lọ sópin.

Ìlú Porto Alegre, ní orílẹ̀-èdè kan náà, ti lọ jìnnà ju wíwò lọ. Ní ọdún 1989, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí péjọ láti yan iṣẹ́ tí ó yẹ kí owó ìdàgbàsókè ìlú lọ sí, ọ̀pá omi, ọ̀nà omi ẹ̀gbin àti títì ọlọ́dà ni àwọn tálákà sì sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó dá a sílẹ̀ pàdánù ìbò ní ọdún 2004, ètò náà ń rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ìfẹ́ inú aláṣẹ ni ó gbé e ró.

Ẹni tí yóò bá fi ìlú kan wé òmíràn ní láti wo gbogbo ìwọ̀nyí pa pọ̀, kí ó sì wo ilẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé gbígbé omi lọ sí orí òkè gbówó lórí ju gbígbé e lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìfiwéra tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni láti fi ìlú wé ara rẹ̀ àná. Àwọn tí ó lọ kúrò ní Detroit kò padà wá, síbẹ̀ iná òpópónà rẹ̀ tún tàn. Òfin dá àjọ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju iná lọ, a ya owó kan sọ́tọ̀ fún un tí kò ṣeé ná sí nǹkan mìíràn, gbogbo ènìyàn sì ń rí àdúgbò tí iṣẹ́ dé àti èyí tí kò tíì dé. Ní òpin ọdún 2016, wọ́n ti ri nǹkan bí 65,000 iná tuntun mọ́ àwọn òpópónà ìlú náà.