Ìbuwọ́lù Olùyẹ̀wò Kò Gba Agbaṣẹ́ṣe Sílẹ̀

Pé onílé lè ní kí agbaṣẹ́ṣe tún iṣẹ́ tí kò bá òfin ilé kíkọ́ mu ṣe, tàbí kí ó san owó àtúnṣe rẹ̀, kò ṣòro láti lóye. Ohun tí ó ń bí ni nínú ni èrò pé, bí olùyẹ̀wò ìjọba bá ti buwọ́ lu iṣẹ́ náà, onílé kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ mọ́.

Olùyẹ̀wò kì í ṣe aṣojú onílé. Ìwọ̀nba ohun tí ó hàn sójú lọ́jọ́ tí ó dé ni ó lè yẹ̀ wò, irin tí kọnkéré ti bò kò sì sí lára rẹ̀. Ọrùn ẹni tí ó gba owó iṣẹ́ ni ẹrù òfin wà, bí àdéhùn kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun: òfin Hammurabi ti Bábílónì, tí ó ti lé ní 3,700 ọdún, sọ pé bí ògiri bá ń wó nítorí iṣẹ́ tí kò péye, ẹni tí ó kọ́ ọ ni yóò fi owó ara rẹ̀ mú un le. Ní ilẹ̀ Faransé lónìí, ọdún 10 ni agbaṣẹ́ṣe fi ń ru ẹrù àbùkù tí ó bá ba ìdúró ilé jẹ́.

Ìpele tí ó gba làákàyè jù ni ti ìwé ìkìlọ̀. Kí onílé tó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, òfin sábà máa ń fẹ́ kí ó kọ̀wé sí agbaṣẹ́ṣe, kí ó dárúkọ àbùkù náà àti abala òfin tí ó tàpá sí, kí ó sì fún un ní àkókò tí ó tó láti tún un ṣe. Ó dà bí ẹ̀wù tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ: bí aránṣọ mìíràn bá ti tú gbogbo ojú rírán rẹ̀, ta ni yóò tún mọ ẹni tí ó gé e ní gégékúgèé? Aránṣọ àkọ́kọ́ yóò ní pípé ni ẹ̀wù náà kúrò lọ́wọ́ òun. Ti ilé tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀wù ṣeé yí sódì kí a rí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri kò ṣeé yí. Nítorí náà ni fọ́tò àti ìwé ẹnjiníà tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ ṣáájú òòlù.

Àléébù ètò yìí ni pé ọwọ́ tí ó ba iṣẹ́ jẹ́ náà ni a tún ń fún láyè, èyí tí kò rọrùn fún ẹni tí ń sùn lábẹ́ àjà tí ó ti sán. Síbẹ̀, bí àkókò tí ìwé dá bá kọjá láìsí àtúnṣe, onílé lè gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, kí ó sì béèrè owó náà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, níwájú adájọ́ bí ó bá di dandan.