Ìkámọ́: ọ̀rọ̀ tó yẹ ká mọ̀ ká tó bú àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́

Kò sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí ẹ máa wọ̀ ní Àkúrẹ́, láti Arákalẹ̀ títí dé Oyèmẹ́kùn, lálẹ́ ọjọ́ Champions League, tí ẹ ò ní gbọ́ ọ: "Odegbami ò lè gbá bọ́ọ̀lù ayé yìí. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa." Ọmọ tó ń sọ ọ́ kò tíì délé ayé nígbà tí Odegbami ń ṣeré fún Nàìjíríà. Ìyẹn ò dùn mí tó "tẹ̀" tó fi sínú ọ̀rọ̀.

Pressing ló fẹ́ pè, ìyẹn kí agbábọ́ọ̀lù púpọ̀ jọ sún mọ́ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kó má ráyè, kí wọ́n lè gbà á. Ẹnì kan ló ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó rí "tẹ̀" níbẹ̀, ó sì kó o lé wa lórí. Kí là ń tẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá? À ń tẹ fóònù, à ń tẹ ìwé, à ń tẹ ẹ̀bà. Bí mo bá sọ fún bàbá kan ní Ọ̀bà-Ilé pé Liverpool ń tẹ Manchester City, á ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn mìíràn ní "ìtẹ̀mọ́lẹ̀". Ìyẹn tún burú sí i, ohun tí ìjọba ń ṣe fún mẹ̀kúnnù nìyẹn. Prẹ́sìn táwọn ọmọ wa ń pè ńkọ́? Ẹni tó ń bá wa lọ aṣọ náà ń ṣe prẹ́sìn.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò gbìyànjú. Wọ́n ní "wọ́n ń fínná mọ́ wọn". Yorùbá gidi ni, mi ò ní bá wọn jà púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo lè fínná mọ́ ẹlòmíì: ẹni tó yá ẹ lówó lè dá fínná mọ́ ẹ láàárọ̀ kùtù. Ohun tí à ń sọ yìí, ẹnì kan kì í dá a ṣe.

Ìkámọ́ lèmi pè é, láti ara "ká mọ́". Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà yarí. Ó ní ọ̀rọ̀ olè àti ọ̀rọ̀ àgbèrè ni, pé ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ti ṣe ohun ìtìjú. Ẹ jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀! Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá, tó kọ ẹ̀yìn sáwọn tirẹ̀, tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò sì rẹ́ni fún, ẹ wo ojú rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé kò jọ ti ẹni tí baálé ilé ká mọ́ yàrá. Tíṣà ní ká kúkú pè é ní "ìhámọ́". Rárá o. Ẹni tó wà ní àhámọ́, wọ́n ti mú un, ó parí. Ẹni tí wọ́n ká mọ́ ṣì lè bọ́, àwọn tó máa ń bọ́ náà la sì ń pè ní ọ̀gá.

Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé àwọn ọdẹ lọ lé ọ̀yà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lápá Ìdànrè tàbí lọ́nà Oǹdó, ti mọ ìkámọ́ tán. Ọ̀yà wà nínú ṣùrù kan. Ajá ló ń wọlé tọ̀ ọ́, ajá náà ló ń pariwo. Àwọn èèyàn ò sáré. Oníkálukú ti dúró sójú ọ̀nà kan tí ọ̀yà lè gbà jáde, tòun ti kùmọ̀, wọ́n sì ń sún wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ajá bá kù gììrì wọlé kí wọ́n tó dúró dáadáa, ọ̀yà ti dóko ẹlòmíì. Bí ẹnì kan péré bá sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ pé òun fẹ́ wo ohun tájá rí, ẹ̀fọ́ lásán la máa fi jẹyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Atamátàsé tó ń sáré tọ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ajá. Àwọn tí onítọ̀hún lè gbé bọ́ọ̀lù fún ni ojú ọ̀nà. Àwọn kan á tún máa pín in sí ti iwájú, ti àárín, àti èyí tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀ tí bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀yà kan náà ni gbogbo wọn ń lé.

Kì í sì í ṣe ohun àná. Viktor Maslov fi kọ́ Dynamo Kyiv, wọ́n gba líìgì Soviet lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, 1966 sí 1968. Netherlands ti Rinus Michels fi ṣeré ní Ife Àgbáyé 1974. Milan ti Arrigo Sacchi fi gba ife Yúróòpù ní 1989 àti 1990. Kí Jürgen Klopp tó dé Dortmund, ọ̀nà ti là. Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé tonílé tàlejò ló ń ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè pààrọ̀ èèyàn márùn-ún. 2022 ni wọ́n sọ ìyẹn dòfin tí kò ní yí padà mọ́. Kó tó di 1970, kò sí pípààrọ̀ èèyàn kankan ní Ife Àgbáyé.

Ibi tí "tẹ̀" ti ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà nìyí. Wọ́n rò pé èémí àti iṣan ni gbogbo rẹ̀. Àkókò ni ìkámọ́ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Lóòótọ́, Odegbami ráyè wo ọ̀tún wo òsì ju àwọn ti òní lọ kó tó gbá góòlù méjì wọlé Algeria ní àṣekágbá Ife Áfíríkà ní Súrùlérè ní March 1980, tí Muda Lawal fi ẹ̀kẹta kún un. Ṣùgbọ́n nígbà tiwọn, wọ́n lè ṣá èèyàn lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn kí rẹfirí kàn súfèé lásán. Ife Àgbáyé 1998 ni FIFA tó pàṣẹ káàdì pupa fún un. Ní 1966, àwọn ará Portugal ṣe Pele léṣe, kò sí káàdì, kò sí ẹni tí wọ́n lè fi pààrọ̀ rẹ̀, ó ń tiro káàkiri pápá ni. Ta ni nínú àwọn ọmọ òde òní ló fẹ́ gba ìyẹn mọ́ra?

Àtibọ́ nínú ìkámọ́ ò sì ní ayé àtijọ́ tàbí ayé ọ̀làjú. Nígbà tí Okocha fi bọ́ọ̀lù da aṣọ́lé Oliver Kahn àtàwọn ará ẹ̀yìn Karlsruhe láàmú ní Jámánì ní 1993, wọ́n ká a mọ́ tán ni, ó sì bọ́. Ní May 2024, Leverkusen ti Jámánì ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 láìpàdánù kí Atalanta ti Ítálì tó ká wọn mọ́ Dublin ní àṣekágbá Europa League. Victor Boniface tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ níbí wà lọ́dọ̀ wọn, ó dùn wá díẹ̀. Ademola Lookman, ọmọ wa tó wà ní Atalanta nígbà náà, gba bọ́ọ̀lù, ó gbé e gba àárín ẹsẹ̀ Granit Xhaka ti Leverkusen kọjá, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ta á sígun àwọ̀n. Góòlù mẹ́ta ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lórí aṣọ́lé, mo gbà fáwọn ọmọ yìí, ti ìsinsìnyí dáa jù. Nígbà tí Best Ogedengbe ń ṣọ́lé fún wa ní 1980, bí wọ́n bá ká àwọn ará ẹ̀yìn mọ́, wọ́n á dá bọ́ọ̀lù padà sí i, á fọwọ́ gbé e, á rọra fi lu ilẹ̀, ìkámọ́ ti tú nìyẹn. 1992 ni wọ́n fòfin de fífọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹni tìẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ gbá sí ẹ. Láti ìgbà náà, aṣọ́lé ní láti mọ bọ́ọ̀lù gbá, irú Ederson sì lè ta á gba orí gbogbo àwọn tó wá ká a mọ́ kọjá, kó bà sí ẹsẹ̀ atamátàsé tirẹ̀ lọ́hùn-ún.