Ìbọn afẹ́fẹ́ yíyìn láàrin àwọn ọ̀dọ́

Ìbọn afẹ́fẹ́ ni ìbọn tí kì í lo ẹ̀tù. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́nú rẹ̀, tàbí gáàsì inú agolo kékeré, ni ó ń ti ọta jáde. Ọta òjé ni wọ́n ń lò nínú ìdíje. Ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà 4.5 lọ, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ díẹ̀ bíi yẹ̀rì. Ìbọn yìí kì í pariwo, kì í gbún èèyàn léjìká, mítà 10 péré sì tó fún pápá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ayìnbọn fi ń fi í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún ọmọdé.

Ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1780 ni àwọn ọmọ ogun Austria bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbọn afẹ́fẹ́ tí Girardoni ṣe, ọ̀kan irú rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Lewis àti Clark, àwọn arìnrìn-àjò awárí ilẹ̀, nígbà tí wọ́n ń la ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà já láti ọdún 1804 sí 1806. Ìbọn ogun àti ti ọdẹ ni nígbà náà.

Kì í ṣe àìlágbára ìbọn náà ni ó sọ ọ́ di eré tí a lè fi ọmọ sí. Ọta rẹ̀ lè fọ́ ojú, ó sì ti pa èèyàn rí. Ètò orí pápá ni ó ń dáàbò bo ọmọ. Ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo ayìnbọn ń dúró sí, ibì kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí, àpótí irin tí ó ń gba ọta sì wà lẹ́yìn àmì. Àgbàlagbà kan ni alákòóso, òun nìkan ni ó sì ń pàṣẹ pé kí wọ́n ki ọta, kí wọ́n yìn, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Àṣẹ ìdádúró nìkan ni kò jẹ́ tirẹ̀ nìkan: ọmọ tí ó kéré jù lọ lè ké “Ẹ dúró!” bí ó bá rí ewu, gbogbo ìlà yóò sì dákẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ wo àmì, wọn yóò kọ́kọ́ yọ ọta kúrò nínú gbogbo ìbọn, wọn yóò ti okùn aláwọ̀ títàn bọ ihò rẹ̀ kí ó hàn pé òfìfo ni, wọn yóò gbé e sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kọjá ìlà. Ẹnu ìbọn kì í kọ sí èèyàn, ìbáà ṣófo. Ìka kì í sì sí níbi tí a ti ń fà á títí àsìkò yíyìn yóò fi tó. Ọmọ ọdẹ tí ó ti ru ṣakabùlà tẹ̀lé bàbá rẹ̀ kò ní rí àjèjì nínú èyí.

Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ọta irin roboto, bí ó ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà, awò ojú jẹ́ dandan, torí ọta náà máa ń ta padà. Òjé ní tirẹ̀ jẹ́ májèlé, nítorí náà wọn kì í jẹun lórí ìlà, ọmọ yóò sì fọ ọwọ́ kí ó tó lọ.

Kí ọmọ tó yìnbọn rárá, kóòṣì yóò wádìí èwo nínú ojú rẹ̀ méjèèjì ni ọ̀gá. Ọmọ yóò fi ọwọ́ méjì ṣe ihò kékeré, yóò wo nǹkan tí ó jìnnà láti inú rẹ̀, yóò wá máa di ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ṣì ń rí nǹkan náà ni ọ̀gá. Ẹni tí ó ń fi ọ̀tún kọ̀wé lè rí i pé ojú òsì ni òun yóò máa fi fojú sun àmì. Lẹ́yìn èyí ni yóò jókòó sídìí tábìlì, ìbọn lórí ìrọ̀rí, torí ìbọn ìdíje lè wúwo tó kílógírámù 5.5, èjìká ọmọ kò sì tíì lè gbà á ní ìdúró. Ó ń kọ́ láti mí síta díẹ̀ kí ó sì sé èémí, láti fa ìbọn díẹ̀díẹ̀ láìjá a, àti láti dúró gbọin fún ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn tí ọta bá ti lọ. Ohun tí ó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu ni pé kóòṣì kì í kọ́kọ́ bèèrè bóyá ọmọ bá àárín àmì. Ihò márùn-ún tí ó ṣù jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan dára ju ọ̀kan tí ó bá àárín nígbà tí mẹ́rin yòókù fọ́n káàkiri: ojú ìbọn ṣeé tún tò, ara tí kò dúró ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀.

Òfin yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní England àti Wales, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ra ìbọn afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò sì tíì pé 14 kò lè lò ó láìsí ẹni ọdún 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Skọ́tílándì ti ń béèrè ìwé àṣẹ láti òpin ọdún 2016. Ní Jámánì, ọmọ ọdún 12 lè yìn ín nínú ẹgbẹ́ bí òbí bá fọwọ́ sí i; àwọn tí ó kéré sí i ń fi ìbọn tí ń tan iná lásán kọ́ eré náà. Òfin Nàìjíríà kà á mọ́ ìbọn tí ó ń gba ìwé àṣẹ, ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 kò sì lè gba ìwé náà.

Ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn wọ Òlíḿpíìkì ní Los Angeles lọ́dún 1984, ìbọn kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan yìn sì tẹ̀lé e ní Seoul lọ́dún 1988. Ní ìpele àkọ́kọ́, ọta 60 ni ayìnbọn ń yìn láàárín ìṣẹ́jú 75. Àárín àmì ìbọn gígùn kò ju ìdajì mìlímítà lọ, 10.9 sì ni máàkì tí ó ga jù fún ọta kan. Àwọn ọ̀dọ́ kì í ṣe aláìnírìírí níbẹ̀: ní Paris lọ́dún 2024, Ban Hyo-jin, ọmọ ọdún 16 láti Gúúsù Kòríà tí ó bẹ̀rẹ̀ eré náà lọ́dún 2021, ta ọ̀mì pẹ̀lú Huang Yuting ti Ṣáínà ní máàkì 251.8 nínú àṣekágbá, níbi tí ọta kò ti pọ̀ tó ti ìpele àkọ́kọ́. Ọta kan péré ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, 10.4 ni Ban gbà, 10.3 ni Huang.

Ẹ̀yà kan wà fún àwọn tí ojú wọn kò ríran. Ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ ìbọn ń sọ ibi tí ẹnu rẹ̀ kọ sí di ìró létí ayìnbọn. Bí ó ṣe ń sún mọ́ àárín àmì ni ohùn náà ń ròkè, tí ọmọ yóò fi gbọ́ ibi tí ó yẹ kí ó ti fa ìbọn.