Nígbà Tí Fóònù Bá Gbé Ará Ìlú Wọ Ogun

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, áàpù kan tí wọ́n ń pè ní ePPO jáde ní Ukréìn. Ẹni tó bá rí dírónù tàbí misáìlì tó ń kọjá lókè ilé rẹ̀ á ṣí i, á yan irú ohun tó rí, á kọ fóònù sí ìhà ibẹ̀, á sì tẹ bọ́tìnnì pupa kan. Ibi tó dúró sí àti ìhà tó kọ fóònù sí á dé ọ̀dọ̀ àwọn ológun tó ń ṣọ́ ojú òfuurufú. Rádà kì í tètè rí misáìlì tó ń fò nítòsí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé lè rí i.

Ìbéèrè tó wà fún àwa agbẹjọ́rò tí òfin ogun jẹ́ iṣẹ́ wa ni pé: ṣé ìyá yìí ṣì jẹ́ ará ìlú tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn sí?

Àfikún Kìíní sí Àwọn Àdéhùn Geneva, ìyẹn òfin àgbáyé tó ń dáàbò bo èèyàn nígbà ogun, ti ọdún 1977, ló dáhùn rẹ̀. Abala 51 ní wọn kò gbọdọ̀ dojú ìjà kọ ará ìlú, àfi ẹni tó bá ń kópa tààrà nínú ìjà, àsìkò tó fi ń kópa yẹn nìkan sì ni ààbò náà fi ń ká kúrò lórí rẹ̀. Ní 2009, Red Cross àgbáyé ṣàlàyé bí a ṣe lè mọ ẹni tó ń kópa tààrà. Ohun tó ṣe gbọ́dọ̀ lè ṣe apá kan nínú àwọn tó ń jà ní jàǹbá, jàǹbá náà gbọ́dọ̀ tọwọ́ ohun tó ṣe yẹn wá ní tààrà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé láti gbè sẹ́yìn apá kejì ló ṣe ṣe é.

Ẹ wá fi èyí wo eVorog, ètò orí fóònù míì. Oṣù Kẹta 2022 ni ìjọba Ukréìn gbé e sórí Telegram, kí ará ìlú lè máa fi àwòrán àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà àti ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́. Diia ni wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀, ìyẹn áàpù tí àwọn èèyàn ń tọ́jú ìwé ìwakọ̀ wọn sí láti 2020. Ẹni tó fi ibi tí táńkì wà ránṣẹ́ kí wọ́n lè yìnbọn lù ú ti wọ ìjà, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ìbọn rí. Ti ePPO nira díẹ̀, torí pé ilé ara ẹni lèèyàn ń dáàbò bò. Àwọn agbẹjọ́rò kan ní ìyẹn yàtọ̀. Èmi ò gbà: Abala 49 ka ìjà tí a fi gba ara wa sílẹ̀ àti èyí tí a fi kọlu ẹlòmíì sí ọ̀kan náà. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni bí ìjọba ṣe mú un rọrùn tó, bí ẹni ń san owó iná.

Lójú òfin, bí ìyá náà bá ti dá fóònù padà sápò, ààbò rẹ̀ ti padà dé. Sójà tó ń wò ó látòkèèrè kò mọ̀ ìgbà tó dá a padà.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí èèyàn ń fi fóònù ṣe nígbà ogun kò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá. Áàpù tó ń kìlọ̀ pé bọ́ǹbù ń bọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Sumy àti Kharkiv fi wá ọ̀nà dé ẹnubodè ní 2022, fídíò ilé tó wó, àdúrà fún àwọn ológun lórí Facebook: ìkankan nínú wọn kò gba ààbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ o, òfin Ukréìn fúnra rẹ̀ lè sọ ẹni tó bá gbé ibi tí ọmọ ogun Ukréìn wà síta láìgbàṣẹ sẹ́wọ̀n.

Bí ọwọ́ ọ̀tá bá wá tẹ ẹni tó fi ibi tí táńkì wà ránṣẹ́ ńkọ́? Sójà tó fọ́ táńkì di ẹlẹ́wọ̀n ogun, wọn kò sì lè bá a ṣẹjọ́ kìkì nítorí pé ó jà. Ará ìlú kò ní àǹfààní yẹn. Wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tòótọ́ ni Abala 75 wí. Kò sí ìdálóró, kò sí pípa láìgbẹ́jọ́. Ní àwọn ibi tí Rọ́ṣíà gbà, àwọn sójà máa ń dá èèyàn dúró lọ́nà, wọ́n á sì tú fóònù wọn wò. Àwòrán táńkì tí wọ́n bá níbẹ̀ nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ajagun. Bí iyèméjì bá wà, Abala 50 ní kí wọ́n kà á sí ará ìlú.