Ọwọ́ Tí Kì Í Sinmi: Bí Wọ́n Ṣe Dá Àìsàn Rett Mọ̀

Lọ́dún 1954, ní ìlú Vienna, dókítà àwọn ọmọdé kan tó ń jẹ́ Andreas Rett rí ọmọbìnrin méjì níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró dè é. Orí ẹsẹ̀ ìyá tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó sí, àwọn méjèèjì sì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ ṣáá, bí ẹni tó ń fọwọ́ láìsí omi. Rett tú àwọn fáìlì rẹ̀, ó sì bá ọmọbìnrin mẹ́fà mìíràn níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ká wọn sí fíìmù, ó ń gbé e kiri Yúróòpù, bóyá ẹlòmíì ti rí irú rẹ̀.

Ọdún 1966 ló tó kọ ọ́ jáde, lédè Jámánì. Ọ̀pọ̀ dókítà kò sì kà á. Ó tún di ẹ̀bi àìsàn náà ru ammonia, ìdọ̀tí kan tí ara ń ṣe, tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sì rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, àṣìṣe yìí kò tó nǹkan: ohun tó fi ojú lásán rí kò yẹ̀.

Ní Sweden, dókítà kan tó ń jẹ́ Bengt Hagberg náà ti ń rí irú àwọn ọmọ yìí láti nǹkan bí ọdún 1960. Lọ́dún 1983, òun àti àwọn dókítà mẹ́ta mìíràn, Jean Aicardi, Karin Dias àti Ovidio Ramos, kọ nípa ọmọbìnrin 35 lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi orúkọ Rett pe àìsàn náà. Ẹlòmíì ì bá fi tara rẹ̀ pè é.

Nínú àìsàn yìí, ọmọ á kọ́kọ́ máa dàgbà dáadáa fún nǹkan bí oṣù 6 sí 18. Ìgbà tó bá yá, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ á ń pòórá, ọwọ́ tó ti ń mú ṣíbí kò ní lè mú un mọ́. Ìgbà náà ni ọwọ́ á gba iṣẹ́ mìíràn: àwọn kan ń ra á, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń kì í bọ ẹnu. Bí ọmọ bá sùn, ọwọ́ á dákẹ́.

Ọdún 1999 ni Ruthie Amir, Huda Zoghbi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Houston, Amẹ́ríkà, rí ohun tó fà á: ìyípadà nínú MECP2, ọ̀kan lára àwọn jíìnì, ìyẹn àwọn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Orí kúrómósóòmù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tó ń gbé jíìnì, ló wà. Kì í sábà jẹ́ àjogúnbá. Ọmọ náà ló sábà máa ń jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ní in nínú ìdílé rẹ̀. Kí àwọn ìyá má dá ara wọn lẹ́bi.

Síbẹ̀, nínú ìlànà tí àwọn onímọ̀ tún ṣe lọ́dún 2010, rírí ìyípadà MECP2 nìkan kò tó láti sọ pé ọmọ ní àìsàn Rett. Dókítà ṣì ní láti wo ọwọ́ rẹ̀.