Tí Ẹ Bá Ń Dá Wakọ̀ Lọ Tọ́ Bíà Wò ní Oregon, Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tí Ẹ Máa Sùn

Ẹni tó ń dá wakọ̀ rìnrìn-àjò kò ní ẹni tó máa bá a gba sítíárìn. Iṣẹ́ ọtí pípọn ni mò ń ṣe ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn àlejò tó ń kọjá sì máa ń bi mí pé, "Ilé ìpọntí mélòó ni mo lè yà sí lóòjọ́?" Kí n tó dáhùn, èmi náà á bi wọ́n pé níbo lẹ ń sùn lálẹ́ òní? Ibi tí ẹ bá ti lè fẹsẹ̀ rìn padà sórí ibùsùn yín, ibẹ̀ lẹ ti lè mu ọtí. Ibi yòókù, ẹ tọ́ ọ wò díẹ̀, tàbí kí ẹ má tiẹ̀ fẹnu kàn án, ẹ ra ti inú agolo, ẹ gbé e sí búùtù, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó bá ṣètò rẹ̀ báyìí máa gbádùn bíà ju ẹni tó fẹ́ yà sí ibi márùn-ún lọ́jọ́ kan lọ, torí ahọ́n tó ti rẹ̀ kì í mọ adùn mọ́.

Oregon dára fún irú ìrìn-àjò yìí gan-an, nítorí pé àwọn ìlú ibẹ̀ kéré, ilé ìpọntí sì fara kínra nínú wọn. Òfin ló fà á. Láti 1916 ni ìpínlẹ̀ yìí ti fòfin de ọtí, kí gbogbo Amẹ́ríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1920. Wọ́n fagi lé òfin náà ní 1933, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni bíà bọ́ sọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Ní 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí èèyàn lè pọn bíà tí ó máa mu nínú ilé ara rẹ̀ láìsan owó orí ọtí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá dá ilé ìpọntí kéékèèké sílẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà nínú kíṣìnì ilé wọn. Nígbà tó di 1985, Oregon gbà kí ẹni tó pọn bíà máa tà á fún oníbàárà lábẹ́ òrùlé kan náà. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn McMenamin, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ṣí ilé ọtí wọn ní Hillsdale, ní Portland. Látìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti ń tàn láti ìlú dé ìlú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò, torí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ń kà sí ìwọ̀n ọtí kan ni bíà áùnsì 12 (nǹkan bíi mílílítà 355) tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5%. Ògidì ọtí inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 14. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lo nǹkan bíi wákàtí kan kó tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kọfí kò lè mú un yá, bẹ́ẹ̀ ni omi tútù àti ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n ife tí agbọ́tí sábà máa ń gbé ka iwájú yín ní ilé ìpọntí kì í ṣe ti áùnsì 12, 16 ni. IPA, irú bíà tí Oregon fẹ́ràn jù, sì sábà máa ń jẹ́ 6% tàbí 7%. Ife IPA kan ṣoṣo tó jẹ́ 7% fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n méjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Guinness tí wọ́n ń pọn ní Nàìjíríà, tó jẹ́ 7.5%, ẹ mọ bí irú ọtí bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe ara. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé dúdú Guinness àti kíkorò rẹ̀ ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń mu ún. IPA tí òórùn ọsàn ń bù jáde lára rẹ̀, tó sì ń lọ tìnrín lọ́nà ọ̀fun, kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Flight ni wọ́n ń pe pátákó tí wọ́n to ife ìtọ́wò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí. Ife kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gba áùnsì 4. Kò jọ nǹkan kan lójú, àmọ́ tí ẹ bá mu márùn-ún tó jẹ́ 6%, ẹ ti mu ìwọ̀n méjì nìyẹn. Ẹni tó bá ṣì máa wakọ̀, ife ìtọ́wò méjì ni mo máa ń gbé fún un, pẹ̀lú oúnjẹ gidi àti omi, mo sì máa ń rọ̀ ọ́ pé kó jókòó fún wákàtí kan ààbọ̀ ó kéré tán. Tí ẹ bá lè dúró kí ẹ má fẹnu kan ẹyọ kan títí ẹ ó fi gbé ọkọ̀ síbi tó máa sùn, ìyẹn ló dára jù. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn tó ń kun èèyàn lóorun, kó fi ti ọjọ́ yẹn sílẹ̀ pátápátá.

Lábẹ́ òfin Oregon, ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ dé 0.08%, àmọ́ ọlọ́pàá tún lè mú ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ bó bá hàn nínú bó ṣe ń wakọ̀ pé ọtí ti ń tukọ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ wá pẹ̀lú físà, tàbí tí ẹ ń dúró de ìwé ìgbélùú, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: irú ẹ̀sùn yìí lè mú kí wọ́n gba físà padà, ó sì lè dí ìwé lọ́nà. Ìgò tàbí agolo tí wọ́n ti ṣí kò sì gbọ́dọ̀ sí níbi tí awakọ̀ àti èrò ń jókòó sí. Èyí kan growler náà, ìgò ńlá tó ń gba áùnsì 64 tí ilé ìpọntí máa ń rọ bíà sí fún yín láti gbé lọ. Bí ẹ bá ti ṣí i pẹ́nrẹ́n, ó ti di ìgò ṣíṣí. Inú búùtù ni kó wà.

Ó yá, ọ̀nà. Ọ̀nà márosẹ̀ I-84 ni ẹ máa gbà kúrò ní Portland sí ìlà-oòrùn. Odò Columbia á wà lápá òsì yín, òkè olókùúta á wà lápá ọ̀tún, ẹ ó sì rí omi Multnomah tó ń já wálẹ̀ láti òkè tó tó mítà 189. Bíi máìlì 60 péré ni ìlú Hood River wà, ibẹ̀ sì ni kí ẹ sùn lálẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìpọntí mẹ́ta. Full Sail wà níbẹ̀ láti 1987, nínú ilé tí wọ́n ti ń di èso sínú agolo nígbà kan. Double Mountain, tó dé ní 2007, kò jìnnà sí i rárá. pFriem, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, wà ní etí odò, níbi tí àwọn tó ń fi ìgbòkun sáré lórí omi ti ń ṣeré nínú afẹ́fẹ́ tó máa ń le níbẹ̀.

Pilsner, irú bíà fúyẹ́ kan, ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ní pFriem. Ní ilé ìpọntí èyíkéyìí tí ẹ kò tíì dé rí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè èyí tó fúyẹ́ jù. Bíà tí wọ́n fi kọfí tàbí èso kún lè bo àléébù mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bíà fúyẹ́ kò ní ibi tó lè sá pamọ́ sí. Kí ẹ tó fi kan ẹnu, ẹ wo ife náà. Bí èéhó róbótó kéékèèké bá lẹ̀ mọ́ ara ife nísàlẹ̀ ìfófòó, ife náà kò mọ́, ẹ lè fi pẹ̀lẹ́tù bèèrè òmíràn. Ẹ wá gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí àgbàdo sísè, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má sè é kó hó tó, tàbí kí wọ́n má tètè mú un tutù. Bí ó bá ń rùn bí bọ́tà, ìwúkàrà kò rí àyè parí iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé páìpù tí ọtí ń gbà jáde ló dọ̀tí. Òórùn páálí tí omi rẹ ni ti èyí tí afẹ́fẹ́ ti wọ̀, tó sì ti pẹ́. Kò yẹ kí ojú tì yín láti sọ ọ́ fún agbọ́tí. Àwa tó ń pọn ọtí fẹ́ gbọ́ ọ ju kí ẹ fi ife sílẹ̀ kí ẹ sì lọ láìsọ̀rọ̀.

Ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílé wa mọ ìdí iṣẹ́ yìí dáadáa. Ó ń rẹ àgbàdo, ó ń jẹ́ kó hù, ó ń sá a, kó tó lọ̀ ọ́, kó tó sè é. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọkà báálì tí a fi ń pọn bíà náà nìyẹn. Híhù yẹn ló ń jí èròjà tó máa sọ sítáàṣì di ṣúgà nígbà tí omi gbóná bá kàn án, ìwúkàrà á wá jẹ ṣúgà náà, á sì sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Bí ẹ bá ti lóye ìyẹn, gbogbo ohun tí wọ́n bá ń fi hàn yín láàárín àwọn táńkì á yé yín. Òwúrọ̀ àárín ọ̀sẹ̀ ló dára jù fún irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ẹ sì ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, torí ilẹ̀ máa ń tutù, kẹ́míkà tí a fi ń fọ táńkì sì ń jó ara.

Ẹni tó dá wá, ìjókòó rẹ̀ ni iwájú agbọ́tí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa sọ ilé ìpọntí tó yẹ kí ẹ lọ lọ́la fún yín. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tàbí páásípọ̀ọ̀tù dání, kódà bí irun yín bá ti funfun, nítorí ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò lè mu ọtí ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi owó ọpẹ́ sílẹ̀ fún agbọ́tí. Ẹ má fi ife yín sílẹ̀ láìsí ojú lára rẹ̀, kí ẹnì kan nílé sì mọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì yín.

Láti Hood River sí ìlú Bend jẹ́ bíi máìlì 150. Ọ̀nà 35 á gbé yín yí Mount Hood ká, òkè tí yìnyín kì í tán lórí rẹ̀, tó ga ní mítà 3,429. Ẹ ó bọ́ sí 26, ẹ ó gba ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Warm Springs kọjá, títí ẹ ó fi já sí 97 ní Madras. Igbó á tán, ilẹ̀ gbígbẹ á bẹ̀rẹ̀. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀ lójú ọ̀nà yìí, nítorí náà ẹ ti gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò. Láti oṣù kọkànlá títí wọ ìgbà ìrúwé, ẹ wo TripCheck, ìkànnì àwọn tó ń mójú tó ọ̀nà ìpínlẹ̀ náà, kí ẹ sì ní ṣéènì táyà nínú ọkọ̀. Ẹ dé Bend kí ilẹ̀ tó ṣú, torí àgbọ̀nrín máa ń kọjá lójú ọ̀nà 97 nírọ̀lẹ́, ẹni tó dá wà kò sì ní ojú kejì tó máa bá a wò ó. Ní ti epo, títí di oṣù kẹjọ 2023, òfin kò gba awakọ̀ láyè láti fọwọ́ ara rẹ̀ rọ epo ní ibi púpọ̀ ní Oregon. Ní báyìí ẹ lè fúnra yín rọ ọ́, ẹ sì lè ní kí òṣìṣẹ́ bá yín rọ ọ́.

Òru méjì ni kí ẹ fún Bend. Deschutes ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ilé ìpọntí ibẹ̀. Gary Fish ló dá a sílẹ̀ ní 1988, ilé ọtí àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà ní Bond Street láàárín ìlú. Black Butte Porter wọn ni mo máa ń fi han ẹni tó rò pé ọtí dúdú gbọ́dọ̀ le. Ó dúdú, ó ní òórùn ṣokoléètì àti búrẹ́dì tí iná pa díẹ̀, síbẹ̀ agbára rẹ̀ kò tó 6%. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ lọ sí Crux, ilé ìpọntí mìíràn níbẹ̀, kí ẹ pe takisí bó bá jìnnà sí òtẹ́ẹ̀lì yín. Ọkọ̀ yín ò ní iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ yẹn.

Tí ẹ bá lè yan oṣù, ẹ yan oṣù kẹsàn-án. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń kórè hops ní àfonífojì Willamette. Òdòdó ewéko tó ń fà gun okùn ni hops, bí iṣu ṣe ń fà gun òpó, òun ló ń fún bíà ní kíkorò àti òórùn. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra ẹyọ kan: ìyẹ̀fun ofeefee tó lẹ̀ máa wà ní àtẹ́lẹwọ́ yín, òórùn ọsàn, koríko tútù àti oje igi á sì jáde pọ̀. Ìyẹ̀fun yẹn ni gbogbo owó tí àgbẹ̀ ń wá. Lóṣù mìíràn, hops gbígbẹ ni à ń lò. Tútù rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, nítorí náà a máa ń fẹ́ kó dé inú ìkòkò láàárín wákàtí 24 tí wọ́n já a, ó sì gba ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bíà tó bá jáde níbẹ̀ ni fresh hop, a kì í rí i pọn lóṣù mìíràn. Ẹ bèèrè bóyá Cascade ni wọ́n lò. Corvallis, ní Oregon níhìn-ín, ni àwọn onímọ̀ ìjọba ti tọ́ irú hops yẹn dàgbà, wọ́n sì gbé e jáde ní 1972.

Tí ẹ bá ń padà, ẹ gba ọ̀nà 20 àti 22 sọdá òkè lọ sí Salem, ẹ wá yà sí ìlú Mount Angel. Àwọn mọ́ńkì Benedictine tó wà níbẹ̀ ní ilé ìpọntí tiwọn, Benedictine Brewery, tí wọ́n ṣí ní 2018, hops sì ń hù lórí ilẹ̀ wọn. Portland kò jù bíi wákàtí kan lọ mọ́ láti ibẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ṣì ń wakọ̀, nítorí náà ẹ jẹun, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ra ti yín kí ẹ gbé e lọ sílé. Gbogbo èyí tí ẹ ti rà láti Hood River, inú kúlà tó ní yìnyín ni kó ti wà, torí búùtù gbígbóná máa ń pa òórùn hops láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nílé, fresh hop ni kí ẹ kọ́kọ́ mu, lẹ́yìn náà IPA, lẹ́yìn náà pilsner. Èyí tó dúdú tó sì le lè dúró títí di Kérésìmesì.